Kí Àlejò Dúró Ná

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ àtiṣe ìkànnì ayélujára, ó dùn mí dé egungun pé ẹ̀kọ́ tí ń ba ìlú jẹ́ ni àwọn olùkọ́ ń fi lé yín lọ́wọ́. Steve Krug, ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbójú lé, ẹni tí ó kọ ìwé ní ọdún 2000 pé kò yẹ kí àlejò máa ronú kí ó tó mọ ibi tí yóò tẹ̀. Àkẹ́bàjẹ́ pọ́ńbélé!

Nígbà tí Tim Berners-Lee, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìkànnì àkọ́kọ́ láyé jáde ní ilé ìwádìí CERN ní ọdún 1991, ọ̀rọ̀ lásán ni ó kún inú rẹ̀: kò sí agbádá, kò sí fìlà abetí-ajá, kò sí àwòrán ọ̀gá kankan. Ojú gbà mí tì fún un. Ní tiwa, bí ará ìlú bá wọ ìkànnì ìjọba ìbílẹ̀ láti mọ iye tí a ń san fún ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, ojú alága ni yóò kọ́kọ́ yọ sí i, alága níbi tí ó ti ń ṣí ẹ̀rọ omi yóò tẹ̀lé e, ìyàwó alága yóò sì bọ́ sẹ́yìn, tí gbogbo wọn yóò máa yí lọ yí bọ̀ bí eégún aláré, títí dátà yóò fi tán. Jakob Nielsen, ọmọ Denmark, ní bí ìdúró bá ti kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 10, ọkàn ènìyàn a ti lọ síbòmíràn. Ẹni tí kò lè dúró de alága, ṣé ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀?

Àwọn olùkọ́ yín tún ní kí ìyàtọ̀ àárín àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, nítorí àgbà tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ẹ fi àwọ̀ eérú kọ ọ́ sórí funfun. Àgbà tí kò bá rí i kà, ṣebí ó bímọ.

Fọ́ọ̀mù ni mo fẹ́ràn jù. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò wolé, kò wọ̀nà: bí Ọpẹ́yẹmí, Àdùkẹ́ ọmọ ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, bá fi àmì sí orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́, pupa ni fọ́ọ̀mù yóò pọ́n, tí yóò ní lẹ́tà tí kò bófin mu ni, bí ó bá sì ṣẹ́ àmì náà kúrò tán, fọ́ọ̀mù yóò ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gùn jù, yóò sì pa gbogbo ohun tí ó ti kọ rẹ́, kí ó lè kọ́ sùúrù. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ àti ọ. Ó pẹ́ tí Unicode, ìlànà tí a fi ń to lẹ́tà sínú kọ̀ǹpútà, ti fún wọn láyè. Ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù ni kò rántí pé Yorùbá wà.

Èyí tí ó burú jù nínú ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí ẹ mú ènìyàn bíi 5 tí kò rí ìkànnì náà rí, kí ẹ rán wọn níṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ panu mọ́, kí ẹ máa wò wọ́n. Ojú gbòrògbòrò lojú àlejò, kò fi ríran; kí ni ẹ fẹ́ rí gbọ́ lẹ́nu irú wọn bí kò ṣe pé kò sí ẹni tí ó rí iye owó ìwé-ẹ̀rí náà? Alága nìkan ni kí ẹ pè. Yóò rí ara rẹ̀ lójú-ewé àkọ́kọ́, yóò bi yín léèrè ìdí tí àwòrán náà kò fi tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò sì san ìdá tó kù nínú owó yín.