Oríkì Lísìtì, Ọba Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀yin ará Òrù, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo ti gbàjá mọ́dìí, mo fẹ́ ki akọni kan. Kì í ṣe Orímọlúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í sì í ṣe Ẹbúmàwé Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn yẹn ní onílù tiwọn. Lísìtì ni mo fẹ́ ki, pépà tí iléèwé fi rán ọmọ sí mi.

Lísìtì, o kú àbọ̀!
Afẹ́lẹ́-bí-èèpo-àlùbọ́sà tó wúwo ju ọmọ ọlọ lọ.
Bàbá kà ọ́, ó bọ́ awò ojú, ó nu awò,
ó tún ọ kà, ó ní kí wọ́n lọ pe ìyá wá.
Oṣù Keje lo ti dé:
ọmọ gbé ipò kẹta, ilé ń yọ̀,
o já bọ́ láti inú ìwé èsì, gbogbo wa dákẹ́.
O sùn lórí fìríìjì jálẹ̀ họ́lídè,
o jí lóṣù Kẹsàn-án, o ní ebi ń pa ọ́.

Ọmọ Owó-Iléèwé!
Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ló lé bàbá rẹ jáde
ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955,
tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn.
Ọlábísí Ọnàbánjọ jẹ gómìnà Ògùn láti 1979 sí 1983,
òun náà ní ọ̀fẹ́ ni;
yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní.
Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ bàbá, ọmọ gba ojú fèrèsé wọlé.
O ní owó ni wọ́n sọ pé a ò gbọdọ̀ gbà,
wọn ò dárúkọ ìgbálẹ̀.

Tíṣù méjìlá fún ọmọ kan ṣoṣo!
Ṣé ìwé lọmọ mi ń lọ kà,
àbí ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe é?
Ìgbálẹ̀ méjì, àdá kan, Izal ìgò kan.
Ìgbálẹ̀ sáà tó kọjá ń kọ́, ta ló jẹ ẹ́?
"Mọ́mì, áńtí ní ká má wá láìmú u dání o."
Kábíyèsí, adé á pẹ́ lórí!

Apìwé-má-jẹ̀ẹ́-ó-lárólé!
Bàbá mi ra Aláwíyé J. F. Ọdúnjọ lẹ́ẹ̀kan,
àwa mẹ́rin la fi kàwé.
Nígbà tó fi kan àbíkẹ́yìn, èèpo ẹ̀yìn ti lọ,
ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò lọ.
Ìgbà tìrẹ dé,
o ní inú ìwé gan-an ni kọ́mọ máa kọ ìdáhùn sí.
Ẹ̀gbọ́n lò ó lọ́dún kan péré, ìwé di ti ẹlẹ́pà.
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo jókòó ti àtùpà,
mo fi írésà ń pa ìdáhùn ẹ̀gbọ́n kí àbúrò lè rí i lò.
Mo pa á títí ìwé fi lu;
bírò lọmọ fi kọ ọ́.
Ni mo bá wọn gàrí kóńgò mẹ́rin,
gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, mo tà á,
ìwé ìṣirò kan ló gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Lísìtì, mo ti kì ọ́ tán. Ẹni tó bá ki ọba a máa retí ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n èmi ò bèèrè owó. Ẹ̀yin tó ń kọ Lísìtì ni mo ń bẹ̀: ẹ gba tíṣù, ẹ gba ìgbálẹ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kọ́mọ máa kọ ìdáhùn sínú nóòtù, kí ìwé lè kù fún àbúrò. Ọmọ tó bá bá ìwé ẹ̀gbọ́n nílé, kí tíṣà tó kọ́ ọ ló ti ń ṣí i wò.

Ọjọ́ Ajé niléèwé wọlé. Tíṣù mẹ́wàá ni mo rí rà. Ó ku méjì.