Ìlànà fún Gíwá Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ Ohùn Ẹnikẹ́ni

Ẹ kú oríire o, Gíwá. Ọkọ̀ ti dé, dírẹ́bà ti dé, ọ́fíìsì ti tutù. Ohun tó kù ni kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣolórí yunifásítì láàárín èrò rẹpẹtẹ láì gbọ́ ohùn ẹyọ ẹnìkan. Kò le rárá.

Ẹ ti ara ògiri bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ọ́n ga, kí ẹ sì fi dí ọ̀nà tí àwọn ará àdúgbò ń gbà lọ sóko láti ayé bàbá wọn. Bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí yín, ẹ gba méjì nínú wọn síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Àwọn tó nilẹ̀ ló wá ń ṣí géètì fún yín. Kí ni wọ́n tún ń wá? Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ fún Kábíyèsí ní àga iwájú àti oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ má fún un ní máìkì o, ó lè dárúkọ odò tí ìdọ̀tí họ́sítẹ́ẹ̀lì yín ń ṣàn sí.

Kí wọ́n má baà ní ẹ kì í dé àárín ìlú, ẹ máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣèwádìí lọ́jà. Ọmọ náà yóò dúró ti ìyá aláta nígbà tí ọjà bá ń tà wàràwàrà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìbéèrè díẹ̀ ni." Díẹ̀ ọ̀hún kún ojú ìwé mẹ́fà: ọmọ yín mélòó, èló lẹ ń jèrè, níbo lẹ ti ń pọnmi. Ìyá yóò máa dáhùn, yóò máa bu ata fún oníbàárà. Tó bá tán, yóò ní, "Ọmọ mi, ìgbà wo lẹ máa wá bá wa gbẹ́ kànga náà?" Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́, ó di gbére. Ìwádìí á di oyè, kànga ò ní di nǹkan kan.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìgbà tí wọ́n bá wà nílé fún ìsinmi ni kí ẹ fowó kún owó iléèwé. Bí ẹgbẹ́ wọn bá pariwo, ẹ fòfin dè é.

Ẹ tún kọ́gbọ́n lára ìjọba àpapọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣàdéédé kéde pé Yunifásítì Èkó (UNILAG) ti di Yunifásítì Moshood Abíọ́lá. Ta ni kò mọyì Abíọ́lá láàárín àwa Yorùbá? Síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta, ojú pópó Èkó dàrú, wọ́n sì ti iléèwé pa. Abíọ́lá kọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá jà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò bi àwọn. Ọdún 2013 ni ìjọba dá orúkọ àtijọ́ padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó bá tún rí èyí tó ṣe irú rẹ̀, òun gan-an là ń kọ̀wé sí.

Ẹ má dé Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá o. Láti ọdún 1963 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé iṣẹ́ ìlera lọ sí Ìbàràpá, tí wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé láàárín ìlú, kí wọ́n lè mọ àìsàn tó ń yọ ará ibẹ̀ lẹ́nu nínú ilé wọn. Gíwá tó bá fẹ́ ṣe irú ìyẹn, kó yáa dá ìwé wa padà.