Póòpù Mi Ń Ṣàìsàn Nílùú Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ ní Ítálì ló fún mi lófin: "Àbúrò, sílébù kejì láti ẹ̀yìn ni kí o máa fi agbára pè. Ó parí." Kò purọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sọ fún mi pé Padova tí mò ń lọ gbé kò sí lára wọn. PA-do-va ni wọ́n ń pè é. Èmi dúró níwájú ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, mò ń lọgun "pa-DO-va", mo tún ní màá yà ní "mo-DE-na". Arákùnrin náà wò mí títí, ó na bébà àti bírò sí mi.

Ìyẹn ṣì dáa. Mo rí papà nínú ìwé, bàbá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, mo sì rí àmì tó wà lórí à tó kẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá tó kàwé mà ni mí! Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní àmì dò? Mo gbé ohùn sókè níwájú, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Àṣé ibi tí àmì yẹn wà gan-an ni agbára máa ń wà. Tí agbára bá bọ́ síwájú, Póòpù lèèyàn pè. Mo wá sọ fún Signora tó gbà mí sílé pé papa mi ń ṣàìsàn nílùú Ìbàdàn. Màmá gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀, ó ya àmì àgbélébùú sára, ó sáré tan tẹlifíṣọ̀n, ó ń wá ìròyìn Vatican kiri.

Ó wá kan ọjọ́ orí mi. Anno ni ọdún: an-no, wọ́n pín n méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi rò pé ẹyọ kan ti tó, mo ní ọgbọ̀n ani ni mo ní. Ihò ìdí nìyẹn o! Signora wo àga tí mo jókòó lé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì lọ. Ọ̀lẹ lásán ló sì fà á, torí n tó dá dúró wà nínú "àǹfààní" tí mò ń pè láti kékeré. Ti l méjì inú palla àti t méjì inú gatto nìkan ni mo lè fi ṣàwáwí, torí Yorùbá kò ní irú wọn.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀, tí agbára kò bá sí lórí sílébù ìkẹyìn, wọn kì í sábà fàmì sí i. Ancora lè jẹ́ ìdákọ̀ró, ó lè jẹ́ "lẹ́ẹ̀kan sí i". Inú ìwé atúmọ̀ èdè ni kí ẹ ti wò ó kí ẹ tó lanu. Tí ẹ bá sì rí à, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe dò.