Alága Ìjókòó, Alága Ìdúró

Ẹ sún mọ́ mi, kí ará yàrá kejì má baà gbọ́. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ojú mi ló ṣe ìdajì, etí mi ló gbọ́ ìyókù.

Bàbá télọ̀ agboolé wa níbí ní Ìkàrẹ́ ló fẹ́ gbéyàwó fún ọmọ àbúrò rẹ̀. La bá kó sí bọ́ọ̀sì, a gba Àkùngbá, ó di Ọ̀kà. Ọ̀kà ìlú orí òkè ni mo wí o, kì í ṣe ọkà inú àwo, nítorí iyán ni wọ́n fi kí àwa àgbà káàbọ̀, iyán Àkókó tí kò ní kókó kan. Ẹran inú ọbẹ̀ ọ̀hún... ẹ jẹ́ n padà sọ́rọ̀ mi.

Alága ìjókòó ní ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ ìyàwó kò kanlẹ̀. Ó dun bàbá télọ̀, ó ní òun á fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn ọmọdé. Ó nà gbalaja, àyà kan ẹní. Ilé pàtẹ́wọ́. Bó ti fò dìde báyìí, ojú rẹ̀ yí, ó rọ bí aṣọ tútù, ó wó lu ìyá ìyàwó.

Kíá, ẹjọ́ ti di mẹ́ta. Àwọn kan ní ayé ni. Àwọn kan ní ẹmu ni. Èmi, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ìyàwó rẹ̀ kékeré ni mo fẹnu bà.

Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, ojú rẹ̀ là. Wọ́n gbé e nàró, òòyì tún kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kan láàárín ẹbí ìyàwó wọn ìfúnpá rẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀: 150 lórí 88. A pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn! Ó ní ká panu mọ́. Ó rọra gbé e dìde, ó tún wọ̀n ọ́n: 112 lórí 70. Ó ní bí ti òkè bá já wálẹ̀ tó 20, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 10, láàárín ìṣẹ́jú 3 téèyàn dìde, ọ̀rọ̀ dókítà ti dé.

“Bàbá, ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ ni?”

Ó ní ó ti pé ọdún 14. Èmi tí mo ń ka iye ìgbà tó ń jáde lọ tọ̀ lóru, mi ò mọ̀!

Nọ́ọ̀sì ní téèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ tó tó píọ́ wọ́tà kan sí méjì ló ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Àwọn amí wà lọ́rùn àti láyà tó ń tètè fura. Wọ́n á ránṣẹ́ gba inú iṣan, ọkàn á yára, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ọpọlọ á rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Mo ní olófòófó inú ara nìyẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù tó sì pẹ́ lẹ́jẹ̀ ló ń ba àwọn iṣan náà jẹ́, tí iṣẹ́ tí wọ́n rán kò fi ní í dé. Bí ọjọ́ tí mo lọ sí Ọ̀wọ̀ ló rí: olè kó adìẹ agboolé yìí, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Oúnjẹ ńlá náà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ síkùn, oògùn mìíràn sì ń dá kún un. Òkèlè mẹ́wàá ni bàbá jẹ. Mo kà á.

Bàbá ní òun á da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí òun ń lò nù. Nọ́ọ̀sì figbe ta, ó ní dókítà nìkan ló lè yí i padà, nítorí ìṣòro méjì ló wà lára ẹnì kan ṣoṣo: ìfúnpá ń ga lórí ìdùbúlẹ̀, ó ń já wálẹ̀ lórí ìdúró. Kó máa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kó ju ẹsẹ̀ díẹ̀ kó tó dìde. Bó bá ń kírun, kó má fò dìde láti ìforíkanlẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá bàbá, orí àga ni. Alága ìjókòó nìkan ni wọ́n ń bi, wọn ò bi alága ìdúró. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n wọn tiyín lórí ìdùbúlẹ̀ àti lórí ìdúró.

Mo ti lọ bẹ ìyàwó kékeré. Kò tíì dá mi lóhùn.