Ìjàpá àti Òwò Ojúlé-dé-Ojúlé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ sórí ẹlòmíràn bí kò ṣe sórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, àti Ọ̀pọ̀lọ́ oníṣòwò aṣọ. Orin wà nínú rẹ̀. Bí mo bá lé e, ẹ bá mi gbè é. Ẹni tó bá dákẹ́, màá gbà pé òun náà ti ra ìgò kan.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ń tajà láti ojúlé dé ojúlé. Aṣọ ló ń tà, àwìn ló sì ń tà á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà ti mọ irú òwò tí mò ń sọ: àwọn òṣómàáló ayé ìjọba òyìnbó, tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, tí wọ́n ń rù ú láti Iléṣà wọ Èkìtì, wọ Oǹdó, títí dé òkè Ọya. Wọ́n á fún àgbẹ̀ láṣọ lónìí, wọ́n á sì máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ní kò sówó, òṣómàáló kì í lọ. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á sì wà níbẹ̀ títí owó á fi jáde.

Ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Ó mọ̀ pé Ẹtu kì í sí nílé lówùúrọ̀. Ó mọ̀ pé ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń tọ́jú owó, pé ẹni tó bá ń bá Ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ná ọjà kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Kì í tú ẹrù aṣọ níwájú Ọ̀bọ, nítorí Ọ̀bọ á wọ gbogbo rẹ̀ wò, kò ní ra ọ̀kan. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ńkọ́? Owó lọ́wọ́ kí aṣọ tó bọ́ lọ́wọ́. Èrè orí ìró kan kò tó nǹkan, ẹsẹ̀ Ọ̀pọ̀lọ́ a sì máa wú lálẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá dé, tí ìlú bá jáde, ara àwọn ẹranko lẹ ó ti ka iye aṣọ tí Ọ̀pọ̀lọ́ tà.

Ìjàpá ra aṣọ òkú bàbá ìyàwó rẹ̀ láwìn. Òkú ti di egungun, Ìjàpá kò tíì san kọ́bọ̀. Ni Ọ̀pọ̀lọ́ bá lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí. "Ẹ kú ọ̀nà o. Àlàáfíà ni. Owó aṣọ tí wọ́n fi sin bàbá àna wọn ni mò ń dúró gbà." Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ ọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Ìtìjú kò jẹ́ kí Yánníbo lè lọ pọnmi mọ́.

Ìjàpá yọjú láti ojú fèrèsé. Ẹlòmíràn ì bá ronú nípa gbèsè. Ìjàpá kọ́. Ohun tó rò ni pé: "Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni òmùgọ̀ yìí fi ń kan gbogbo ìlẹ̀kùn ìlú. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ń lò ńkọ́?" Ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó forí lé ìlú ńlá.

Nígbà tó padà, kóòtù ló wọ̀, ó so táì mọ́ ọrùn tí kò gùn tó táì. Ó gbé àpótí dání. Ìgò ló wà nínú àpótí, omi aláwọ̀ ewé ló wà nínú ìgò, orúkọ tó sì sọ ọ́ ni Àjídèwe. Ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó ń wo inú rírun, ó ń wo àìríṣẹ́ṣe. Ìjàpá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Ewúrẹ́, ó fi orin kan ilẹ̀kùn:

Lílé: Onílé, àgò o
Ègbè: Àgò yà, ajé wọlé
Lílé: Mo ru Àjídèwe dé
Ègbè: Àgò yà, ajé wọlé
Lílé: Mú ọ̀kan, wá mẹ́fà wá
Ègbè: Àgò yà, ajé wọlé
Lílé: Mẹ́fà á tún wá mẹ́fà
Ègbè: Àgò yà, ajé wọlé
Lílé: Bí o sùn, owó ò sùn
Ègbè: Àgò yà, ajé wọlé

Ewúrẹ́ jáde, ó gba ìgò, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Bàbá Ahun, ewúro nìyí."

"Ẹ tún un sọ, Ìyá Ọlọ́mọ."

"Ewúro ni. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí lẹ́yìnkùlé mi, n kò sì sanwó fún ẹnikẹ́ni."

Ọlọ́jà mìíràn ì bá palẹ̀ mọ́, kó máa lọ. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá Ọlọ́mọ, ojú yín mà là o! Ẹni tó mọ ọjà báyìí kò yẹ lẹ́ni tí à ń tà á fún. Ọ̀gá ló yẹ kí ẹ jẹ́. Ẹ san ọ̀kẹ́ kan, ẹ gba ìgò méjìlá. Ẹgbàá lẹ ó ta ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò ó fúnra yín."

Ewúrẹ́ ṣírò. Ẹgbàá lọ́nà méjìlá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan àti ẹgbàajì. Èrè ẹgbàajì, láìkúrò nínú ilé! "Ẹ sì mú ẹni mẹ́fà wá," ni Ìjàpá ń wí, "èyí tí àwọn náà bá san, tiyín á wà nínú rẹ̀." Ewúrẹ́ rántí owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ewúro ni ṣe lọ tú ìdí àpò, tó san ọ̀kẹ́ kan fún ewúro nìyẹn.

Ẹ má ṣe fi Ewúrẹ́ ṣẹ̀sín. Èmi rò pé àrékérekè gbogbo òwò náà wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá ní omi náà kò wu òun mu, òun gan-an ni Ìjàpá á sọ di olùtà. Kíkọ̀ kò sí. Bí o bá kọ ọjà, a ó fún ọ ní ipò.

Ilé ta ni Ewúrẹ́ kọ́kọ́ lọ? Ilé Àgùntàn, ìbátan rẹ̀, ẹni tí kò bèèrè ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n jọ ń jọ́sìn. Lẹ́yìn náà, ìyá tó gbẹ̀bí rẹ̀. Irú òwò yìí kì í kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn àjèjì, nítorí àjèjì lè sọ pé rárá.

Kò pẹ́ tí ìpàdé fi ń kún àkúnya ní pálọ̀ Ìjàpá ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ipò pọ̀ níbẹ̀: Bàbà, Fàdákà, Wúrà, Dáyámọ́ǹdì. Ẹni tó bá dé Dáyámọ́ǹdì á gba ẹṣin. Ẹṣin fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ṣèlérí ẹṣin fún, ó sì ń ṣiṣẹ́ kára kí ó lè rí i gbà. Ìgbín jẹ́rìí pé láti ìgbà tí òun ti ń mu Àjídèwe ni ẹsẹ̀ òun ti yá. Òwúrọ̀ ló gbéra láti ìdí ilẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ló dé iwájú láti wá jẹ́rìí náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìjàpá mọ ìtàn, ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀. Ó sọ fún wọn nípa David McConnell ará Amẹ́ríkà, tó ń ta ìwé láti ilé dé ilé, tó rí i pé lọ́fínńdà tí òun ń fi ta àwọn ìyàwó ilé lọ́rẹ wù wọ́n ju ìwé lọ, tó sì dá ilé iṣẹ́ lọ́fínńdà sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1886, èyí tí ayé wá mọ̀ sí Avon. Ó sọ ti Ìyáàfin Albee, obìnrin tó kọ́kọ́ bá a kiri ọjà náà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí Ìjàpá fò dá ni pé àwọn onílé tí Albee kan ilẹ̀kùn wọn ń fi lọ́fínńdà náà para. Ó tán lára wọn, wọ́n sì tún ra òmíràn.

Ọ̀pọ̀lọ́ nawọ́ láti ẹ̀yìn. "Alàgbà, mo kí yín, mo kí ilé. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ta ló ń mu ún?"

Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò ṣí! Ó ti ń ta aṣọ láti ọdún gbọọrọ, ẹsẹ̀ ló ṣì fi ń rìn." Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹṣin ló rẹ́rìn-ín jù.

Owó ń wọlé fún Ìjàpá nígbà náà, ó sì tó san gbèsè aṣọ òkú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò san án. Ó ní òun ti kúrò ní ipele àwọn tó ń san gbèsè.

Ẹ̀gà, tí kò lè pa ẹnu mọ́, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tó wọ òwò náà sókè. Mẹ́fà àkọ́kọ́. Mẹ́fà náà mú 36 wá. Mẹ́rìndínlógójì mú 216. Àwọn yẹn gbọ́dọ̀ mú 1,296 wá, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹranko ìlú náà, àtàgbà àtọmọdé, kò tó ẹgbẹ̀rún. Bí ẹ bá gbé ìṣirò náà kúrò nígbó wá sáàárín ènìyàn, ní ìpele kọkànlá ẹ ó nílò 362,797,056 ènìyàn, èyí tó ju gbogbo ọmọ Nàìjíríà lọ, tọmọ ọwọ́ tọmọ ẹ̀yìn. Ní ìpele kẹtàlá, gbogbo ayé kò tó. Kò sí èpè kankan nínú ìṣirò yìí, kò sì sí àdúrà tó lè yí i padà.

Ilẹ̀kùn tán nílùú. Òkété gbé ìgò, ó lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò sí nílé, ó ti lọ kan ilẹ̀kùn Òkété. Wọ́n pàdé ní ìdajì ọ̀nà, oníkálukú pẹ̀lú Àjídèwe lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin síra wọn. Bí Àgùntàn bá ń bọ̀ lápá kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á yà sí apá kejì. Bí o bá ní "ẹ káàárọ̀", wọ́n á ti tilẹ̀kùn kí o tó parí ìkíni. Ìgò kún abẹ́ ibùsùn, ó kún ẹ̀yìn ìkòkò. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún bí omi, nítorí ìyá wọn kò rí àyè lọ já ewúro mọ́.

Ẹtu gbé ìgò mọ́kànlá padà wá, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà. Ìjàpá wò ó tàánú-tàánú. "Ẹtu, ọjà kò ní àlèébù. Ìwọ ni o kò sapá. Mélòó lo kàn lánàá?" Ẹtu gbé ìgò rẹ̀ padà sílé, ojú ń tì í. Ìyẹn ni mo kà sí ìwà ìkà jù nínú gbogbo rẹ̀: o gba owó rẹ̀, o tún gbé ẹ̀bi lé e lórí.

Ó wá di ọjọ́ tí kò sí ẹni tuntun tó san ọ̀kẹ́. Ẹni tó bá rántí Disẹ́ḿbà 2016, nígbà tí ètò sogúndogójì tí wọ́n ń pè ní MMM ti owó mọ́ àwọn ènìyàn lójú tí Kérésì ku díẹ̀, kò nílò kí n ṣàlàyé. Ọjà kankan kò sí nínú tiyẹn, ṣùgbọ́n ojú tí àwọn ènìyàn gbé kiri kò yàtọ̀ sí ti ẹranko ìlú yìí.

Láyé ìgbà náà, inú ilé bíi ti ẹlòmíràn ni Ìjàpá ń gbé. Ó máa ń sọ fún wọn pé inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe òwò òun, pé olówó kì í kúrò nílé. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ wá ká a mọ́lé, ó gbé ilé ọ̀hún kọ́ ẹ̀yìn, ó wọ igbó lọ. Yánníbo ru ìkòkò tẹ̀ lé e, kò sọ̀rọ̀.

Gbogbo ìlú wá a títí, wọn kò rí i. Ọ̀pọ̀lọ́ ló rí i, nítorí iṣẹ́ ẹni tó ń kiri ojúlé ni láti mọ ibi tí ìlẹ̀kùn wà. Ó bá Ìjàpá nídìí igi ìrókò, ó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe, ó lóṣòó. Ẹ bá mi gbè é:

Lílé: Ìjàpá, àgò o
Ègbè: Àgò yà, gbèsè wọlé
Lílé: Aṣọ òkú ti gbó tán
Ègbè: Àgò yà, gbèsè wọlé
Lílé: Mo ti lóṣòó, n ò dìde
Ègbè: Àgò yà, gbèsè wọlé
Lílé: Bí o sùn, gbèsè ò sùn
Ègbè: Àgò yà, gbèsè wọlé

Ìjàpá fa orí wọlé. Ó fa ọwọ́ wọlé, ó fa ẹsẹ̀ wọlé. Títí di òní, bí ẹ bá kan ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní dá yín lóhùn. Ó rò pé òṣómàáló ni. Ọ̀pọ̀lọ́ náà kò tíì dìde. Àwọn tó ń fi ìlóṣòó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀ pé owó ló ń dúró gbà.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Ẹ̀yin onílé, bí ẹnikẹ́ni bá fi àgò kàn yín lọ́la, ẹ dá a lóhùn, oúnjẹ òòjọ́ ọmọlúwàbí lè wà nínú ẹrù rẹ̀. Bí aṣọ ni, ẹ tú u wò, ẹ ná an, ẹ san án kó tó lóṣòó. Bó bá ní kí ẹ lọ wá mẹ́fà wá, ẹ bi í pé ta ló ń mu ún, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn kí ẹ tó ṣí àpò.