Ìyá Ọkọ Kò Sí Nínú Àwòrán

Bí Alhájà Elépo bá yọ láti ọ̀nà Odò-Orí, kí ẹ tètè bá mi yí ọ̀rọ̀ sí ti owó iná o. Ìwó la wà, ọ̀dìdẹrẹ́ ni wọ́n fi ń ki ìlú yìí, ẹ ò lè retí pé kí èmi nìkan panu mọ́. Mi ò kàn fẹ́ kí ìyá yẹn gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni.

Ẹ ṣáà mọ ìyàwó tí Ràṣídì ọmọ Alhájà fẹ́, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nísàlẹ̀ ọ̀hún. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bó bá ń kíni, orúnkún rẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀. Ó bí ọmọkùnrin làǹtìlanti, a sọ ọ́ lórúkọ, a jẹ ìrẹsì, ẹran ò kárí. Mo mọ ẹni tó kó ẹran pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí ìyàwó yìí ṣì wà nínú oyún, mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orúnkún tó ń dùn mí. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri níbi tí àwọn aboyún ń jókòó sí. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, ó dirun tuntun, ó kun ètè, ó gbé ọmọ sọ́mú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wò ó títí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò rójú oorun lóru, ìgbà wo ló ráyè kun ètè? Nígbà tí mo bí Ṣìkírù, wàrà gbẹ mọ́ bùbá mi lára tí aṣọ fi le gbagidi, ta ló ń sọ ti ètè! Ohun tó tún wá yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹlòmíràn nínú àwòrán yẹn. Kò sí ọkọ, kò sí ìyá ọkọ, kò sí aládùúgbò kan tó yọjú lójú fèrèsé. Àfi bí ẹni pé àwọn tó yà á kò gbé agboolé rí.

Àwọn elétò ìlera kúkú ń gbìyànjú. Lọ́dọọdún, láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, wọ́n á ṣe ọ̀sẹ̀ ọmú ìyá ní gbogbo àgbáyé. Ọdún 1992 ni wọ́n ti ń bá a bọ̀. Rédíò ò ní sinmi. Àwọn olóyè á wọ ankara kan náà, wọ́n á sọ̀rọ̀ gígùn pé kí ẹnikẹ́ni má fún ọmọ jòjòló lómi, lẹ́yìn náà wọ́n á pín omi inú ọ̀rá fún gbogbo ẹni tó wá. Mo gba méjì rí. Omi tútù ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé oníwàrà inú agolo ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwòrán mú ìyá ọmọ? Ẹ rántí ọmọ tó máa ń wà lára agolo láyé ọjọ́un, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ bọ̀ǹbọ̀. Ẹni tó bá wò ó, tó bá wo tiẹ̀, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́. Láàárín 1970 sí 1980, àwọn iléeṣẹ́ oníwàrà ń gba àwọn obìnrin síṣẹ́, wọ́n á wọ aṣọ funfun fún wọn bíi nọ́ọ̀sì, wọ́n á máa lọ bá ìyá ìkókó láti polówó ọjà. Ìyá ọmọ ra agolo kan, kò lówó kejì, ló bá ń bomi là á. Omi wo? Omi odò. Ìgbẹ́ gbuuru gbé ọmọ. Àwọn kan bínú ní Amẹ́ríkà ní 1977, wọ́n ní àwọn ò ra ọjà Nestlé mọ́. Nígbà tó di 1981, àjọ ìlera àgbáyé ṣe ìlànà lórí títà wàrà agolo, wọ́n ní àwòrán ọmọ ìkókó kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀ mọ́. Nàìjíríà náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990. Báyìí ni wọ́n ṣe lé ọmọ ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ kúrò lára agolo, ó sì kó lọ sára ògiri ilé ìwòsàn.

Ṣé ó wá ṣiṣẹ́? Ó ṣe díẹ̀. Ìwádìí ìjọba ti 2013 ní nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù 6, 17 péré ló ń mu ọmú nìkan. Ní 2018 ó di 29. Àwọn 71 tó kù ńkọ́, ta ló ń fún wọn lómi àti àgbo? Ẹ má wo ìyá wọn. Ẹ wo ẹni tó jókòó sórí àpótí.

Mo fẹ́ dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù kọjá. Ọ̀gá ìyàwó yìí gbà kó máa gbé ọmọ wá síbi iṣẹ́, abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ni ọmọ ń sùn sí, nínú ọpọ́n tó kún fún àgékù aṣọ. Òfin iṣẹ́ ní kí ìyá ọmọ máa rí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ìsinmi ìbímọ, Èkó sì sọ tiwọn di oṣù 6 ní 2014. Ẹ lọ ka ìyẹn fún oníbàárà tó fẹ́ gba aṣọ Iléyá! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tún ń dẹ́rù bà á pé ọmú rẹ̀ á já wálẹ̀, Ràṣídì á fẹ́ ìyàwó mìíràn. Irọ́ gbuu. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Kentucky, l'Amẹ́ríkà, wádìí ẹ̀ ní 2007: ọjọ́ orí, iye oyún tí obìnrin ní àti sìgá ló ń já ọmú, kì í ṣe ẹnu ọmọ. Èmi ò fẹnu kan sìgá rí o. Ẹ má wo àyà mi, oyún ló ṣe tèmi.

Amẹ́ríkà yẹn náà ni ìwé ìròyìn TIME ti gbé ìyá kan síwájú ìwé lóṣù karùn-ún 2012. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń lọ sí mẹ́rin, dúró lórí àga, ó ń mu ọmú, ó tún ń wojú gbogbo ayé. Ariwo ta. Lágboolé wa ńbí, ọmọ tó bá ti lè gun àga, iyọ̀ la máa rán an lọ rà.

Ó dáa, Alhájà. Ẹ̀ẹ̀rùn mú, òrùlé páánù ń ta pó pó pó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọmọ. "Ètè ọmọ yìí gbẹ. Òùngbẹ ni." Ìyàwó ní, "Màámi, nọ́ọ̀sì ní kí n má fún un lómi títí á fi pé oṣù 6." Alhájà ní, "Ṣé nọ́ọ̀sì ló bá mi wo Ràṣídì?"

Èmi ni mo rí i. Mo jí ṣe àlùwàlá àsùbáà, mo bọ́ sẹ́yìn ilé, Alhájà ti wà lórí àpótí. Ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí itan, ife ike wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ká ọwọ́ òsì yí ẹnu ọmọ po, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún da omi sí i, bí àwọn ìyá wa ṣe ń rọ ọmọ. Ọmọ ń ta ẹsẹ̀, omi ń gba imú rẹ̀ jáde. Ìyàwó yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìró rẹ̀ ò tíì dì dáadáa. Mo ní ó parí, ìjà dé. Ó kúnlẹ̀! "Ẹ káàárọ̀, màámi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ó na ọwọ́ méjèèjì. Alhájà ti gbé ọmọ fún un kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọ̀sán ni iná jó. Alhájà fi ọwọ́ gbá ọmú mú lórí bùbá láàárín agboolé, "Ọmú yìí ni Ràṣídì mu!" Ẹ mọ̀ pé èpè ló wà nídìí kí ìyá fọwọ́ mú ọmú. Ràṣídì tó ń fọ ọ̀kadà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó bèèrè pé kí lòun ṣe. Ìyàwó rọra dáhùn, "Ẹ ṣeun, màámi. Ọmú náà ni mo fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mu." Mo yíjú sí ògiri kí wọ́n má rí ẹ̀rín mi. Ràṣídì ní òun ń lọ ra epo sí ọ̀kadà, kò wálé títí ìrun iṣáì.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ìyàwó bẹ Alhájà pé kó bá òun gbé ọmọ lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn gbọ́n, kò bá a jà. Ó ní, "Alhájà wa, ọdún mélòó ni Kùránì ní kí ìyá fi fún ọmọ lọ́mú?" Alhájà ní ọdún méjì gbáko, ó wà nínú Súrà Bákárà. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ò rí i?" Alhájà ní, "Mo rí i. Kò sọ pé ká má fi omi kún un." Ká sọ òótọ́, ẹsẹ Kùránì náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá ṣàlàyé pé nínú 100 ìdá wàrà ọmú, bíi 88 ló jẹ́ omi, pé bí ikùn ọmọ bá kún fómi kò ní fa ọmú mọ́, ọmú tí ọmọ ò sì fà, wàrà rẹ̀ á dínkù. Alhájà ò mi orí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ bá mi ka ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí 24, òùngbẹ ò gbẹ ẹ."

Ohun tó ṣẹ́gun rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti ń ka kẹ́ẹ̀gì epo láti kékeré, ẹ ní kó wá nǹkan kà! Ó fi èédú fa ìlà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Bí aṣọ ọmọ bá ti tutù, ìlà kan. Kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, ìlà ti di méje, ó sì tún pe èmi wá kà á bóyá òun ṣìrò. Ife ike yẹn, ó ti di ohun tí wọ́n fi ń bu gaàrí.

Báyìí kò sí ẹni tó lè fún ọmọ lómi ládùúgbò wa kí Alhájà má gbọ́. Ó já wọ ilé kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gba àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó dàgbà jù ú lọ. Ó sì ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé bí wọ́n bá máa ya àwòrán mìíràn sára ògiri, kí wọ́n pe òun. Ìyàwó ní kí wọ́n wọ àdìrẹ. Alhájà ní léèsì ni, àti pé apá ọ̀tún ni kí wọ́n ti ya òun, torí ibẹ̀ ni eyín wúrà òun wà.