Èrè Ìfòfindè ní Ẹnubodè Yewa

Ìfòfindè ni ètò tí ìjọba fi ń gba ọjà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù tó ń san owó orí, tó sì ń gbé e lé onífàyàwọ́ tí kì í san kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ètò yìí ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yewa ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́nu ààlà Nàìjíríà àti Benin, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, láti Ìpókíá dé Ìmẹ̀kọ, débi pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ kò nílò yunifásítì. Kó ṣáà jókòó sẹ́bàá ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn lálẹ́, kó máa ka àwọn ọ̀kadà tí ń sáré láìtan iná. Ohun tí wọ́n fòfin dè níbẹ̀ pín sí méjì: èyí tí gbogbo ilé ń sè, bí ìrẹsì òkèèrè, àti èyí tí gbogbo ilé ń sẹ́, bí igbó, tírámádọ̀ọ̀lù àti kódéènì. Ìwé òfin wọn yàtọ̀. Ipa ọ̀nà inú oko tí wọ́n ń gbà kọjá kò yàtọ̀.

Ọdún 1889 ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba wọn. Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣakétẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaròó, Ìpókíá àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọmọ Kétu ni ará Ìmẹ̀kọ. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá ru àgbàdo láti oko baba rẹ̀ lọ sílé àwọn ìyá rẹ̀ ti ń jẹ́ oníṣòwò òkèèrè lọ́sàn-án, tó sì ń di onífàyàwọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Ìrẹsì ló yẹ kí á kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò, nítorí kò sí ohun tó rọrùn láti fòfin dè tó o. Àpò rẹ̀ wọn kílò 50, kò ṣeé tì bọ ìbọ̀sẹ̀, kò ṣeé gbé mì, ara ẹnikẹ́ni kì í sì í gbọ̀n torí pé kò rí i jẹ. Orílẹ̀-èdè Benin ń kó ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ ní ilé iṣẹ́ wọlé lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tó jẹ́ pé ìrẹsì funfun ni àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn jù. Ẹni tó ní ojú mọ ibi tí ìrẹsì náà ń lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ ní ìrẹsì òkèèrè kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti ẹnubodè pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè, ìyẹn ni pé ará Ìdí-Ìrókò tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà di àjèjì sí epo Nàìjíríà. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé Ìdí-Ìrókò ti ṣí padà.

Buhari yìí kan náà ló ti ẹnubodè pa ní 1984 nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba ológun. Ní 1986, lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n ṣí i. Ọdún 35 ló wà láàárín ìtìpa kìíní àti ìkejì, ṣùgbọ́n bó ti wù ká ṣe Ifá tó, yóò hùwà èkùrọ́. Ìrẹsì kò tán lọ́jà. Owó rẹ̀ ló gbé sókè. Kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra wọn ló ń jẹ́rìí sí i, torí wọn kò dẹ́kun kíkéde iye àpò tí wọ́n gbà. Bí òfin bá ti lé ìrẹsì lọ, kí ni wọ́n ń rí gbà?

Ohun tí ìbọn kò lè ṣe, iye owó ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó bẹntiróòlù Nàìjíríà gba ọ̀nà pápá kọjá sí Benin, níbi tí wọ́n ti ń tà á nínú ìgò létí títì, tí wọ́n ń pè é ní kpayo. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, epo di ọ̀wọ́n níhà méjèèjì, fàyàwọ́ epo sì rẹ̀wẹ̀sì láìjẹ́ pé wọ́n fi agbófinró kan ṣoṣo kún àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Èrè tó wà láàárín iye méjì ló ń bí fàyàwọ́. Níbi tí èrè náà bá ti wà, òfin kàn ń sọ irú ẹni tí yóò kó o ni.

Ti oògùn olóró le ju ti epo lọ, nítorí ara tí nǹkan ti wọ̀ kì í gbọ́ ìkéde Abuja. Òfin Nàìjíríà lórí rẹ̀ sì dà bí jángírọ́fà, bó ṣe ń lọ sókè ló ń padà wálẹ̀. Ìjọba amúnisìn ti ṣe òfin oògùn eléwu láti 1935. Ní 1966, ìjọba Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi pàṣẹ pé ẹni tó bá gbin igbó lè kú, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ní 1974, ọlọ́pàá mú Fẹlá, olórin ọmọ Abẹ́òkúta, lórí igbó, wọ́n ní ó ti gbé ẹ̀rí mì. Agbófinró ìjọba àpapọ̀ bá jókòó ti ikùn ọkùnrin kan, wọ́n ń retí kí ẹ̀rí jáde. Fẹlá fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe àwo orin ní ọdún kejì; òun rí owó nínú ọ̀rọ̀ náà, ìjọba rí òórùn. Ní 1975, wọ́n yọ ikú kúrò nínú òfin igbó. Ní 1984, ikú padà wá, kokéènì ló gbé e wá lọ́tẹ̀ yìí: ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn lórí ẹ̀ṣẹ̀ tó ti ṣẹ̀ kí òfin náà tó dáyé. Ní 1986, wọ́n sọ ikú di ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1989, wọ́n ṣòfin tó dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn aṣòfin àgbà tún fọwọ́ sí i pé kí ikú padà wá. Kò sí ẹni tó béèrè iṣẹ́ tí ikú ti àkọ́kọ́ ṣe.

Ìṣirò ló lè dáhùn. Ìwádìí tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú UNODC, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí oògùn olóró, ní 2018 fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Yewa wà, ó tó 22.4. Ní gbogbo Nàìjíríà, ìdá 10.8 ló mu igbó, igbó kan náà tí ikú ti ṣọ́ rí. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe lórí tábà ní 2012 rí i pé ìdá 5.6 péré nínú àwọn àgbàlagbà ló ń lò ó. Ọjọ́ orí àti ọdún ìwádìí méjèèjì kò bára mu tán, ẹ̀sìn àti àìlówó lọ́wọ́ sì ní ipa tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà hàn: tábà tí wọ́n ń tà níwájú ilé, tó ń san owó orí, tó sì kọ ìkìlọ̀ ikú sára páálí ara rẹ̀, díẹ̀ ló fi ju ìdajì igbó lọ. Bí àwọn tó ń ṣe sìgá bá fẹ́ kí ọjà wọn yá ju báyìí lọ, ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ ìjọba fún ti hàn kedere: kí wọ́n fòfin dè é.

Iṣẹ́ kejì tí ìfòfindè ń ṣe ni pé ó ń dín ẹrù kù, ó sì ń fi agbára rẹ̀ kún un. Ẹrù tí yóò gba ọ̀nà pápá lóru gbọ́dọ̀ fúyẹ́, owó tó wà nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó ewu tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí igbó tí àwọn baba mọ̀ fi ń yàgò fún igbó líle tí wọ́n ń pè ní Loud, tó ń ti Ghana wá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tírámádọ̀ọ̀lù tí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oògùn, gbà láyè kò kọjá mílígíráàmù 100, tí àwọn tí wọ́n sì ń gbà lójú ọ̀nà ń jẹ́ 225. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kódéènì wọlé fún oògùn ikọ́ àti ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkódéènì. Láti ìgbà náà, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró kò yéé kéde ìgò kódéènì tí ọwọ́ wọn tẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé oníkẹ́míìsì tó ń tà á tẹ́lẹ̀ ní orúkọ lára ògiri, ẹnì kan sì lè bá a wí. Ẹni tó ń tà á báyìí kò ní ògiri.

Àwọn tó ń sọ pé kí ìjọba kàn ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn láti kọ́, inú ìgò ògógóró ló wà. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba amúnisìn ń lé àwọn tó ń pọn ògógóró kiri inú igbó, wọ́n ní ó ń ba ìlera jẹ́. Jíìnì ilẹ̀ Òyìnbó tó ń san owó ibodè kò ba ìlera ẹnikẹ́ni jẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, ọwọ́ òfin dẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n fi sẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí. Ní 2015, ògógóró tí mẹ́táńọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀ pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì tún pa ọ̀pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Àìsí ẹni tó ń yẹ ọtí náà wò ló pa wọ́n. Ìjọba ronú sí i, wọ́n sì fòfin de ògógóró, kó má baà sí ẹni tí yóò lè yẹ̀ ẹ́ wò láéláé. Ti ọtí inú ọ̀rá kò yàtọ̀. NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin dè é ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn ilé iṣẹ́ àti àwọn aṣòfin pariwo, wọ́n sì sún ọjọ́ náà di òpin ọdún 2025. Ní gbogbo àsìkò náà, ọmọdé tó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ lè rà á ní gáréèjì láìsí ẹni tí yóò bi í ní ọjọ́ orí.

Òkèèrè náà kò fohùn ṣọ̀kan. Ní oṣù keje ọdún 2001, ilẹ̀ Potogí sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká oògùn ìwọ̀nba mọ́ lọ́wọ́ kò ní lọ ẹ̀wọ̀n mọ́. Iwájú ìgbìmọ̀ kan ni yóò lọ, wọ́n yóò sì tọ́ka rẹ̀ sí ìtọ́jú. Títà rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àkóràn HIV láàárín àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀ gidigidi. Canada gba igbó láyè ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, owó orí àti ọjọ́ orí. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti ṣe bí Potogí ní 2021, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò kí wọ́n tó kọ́ ilé ìtọ́jú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n dá ìjìyà padà. Ghana, tó sún mọ́ Yewa jù nínú wọn, ṣòfin ní 2020 tó sọ ìjìyà ẹni tó gbé ìwọ̀nba fún ìlò ara rẹ̀ di owó ìtanràn, tó sì fàyè gba ìwé àṣẹ fún igbó tí kì í pani bí ọtí. Ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ fagi lé apá ìwé àṣẹ yẹn ní 2022. Ilé aṣòfin tún un ṣe ní 2023.

Nàìjíríà náà kò ṣàìgbọ́. Kofi Annan gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí oògùn olóró ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 2013, Olusegun Obasanjo, ọmọ Ògùn, ni alága rẹ̀. Ní 2014, ìgbìmọ̀ náà kọ ìwé pé kí ìjọba má sọ ẹni tó ń lo oògùn di ọ̀daràn mọ́, kí wọ́n gbé e fún oníṣègùn, kí àwọn agbófinró sì dojú kọ àwọn tó ń fi òwò náà kọ́ ilé. Ìjọba fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, wọ́n sì fi í síbi tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ sí.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá yọ ìfòfindè, òwò náà yóò di aláìnílànà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rin ojú ọ̀nà ẹnubodè. Ìlànà wà níbẹ̀ pẹrẹu. Ìdènà ojú ọ̀nà ni ọ́fíìsì tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé. Ẹ̀gúnjẹ ni owó orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí rìsíìtì. Ẹni tí kò bá sanwó ni ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ fún ìwé ìròyìn. Ohun tí ìlànà yìí ṣaláìní ni èyí tó ń dáàbò bo aràlò: kò sí ẹni tó ń wọn agbára oògùn, kò sí ẹni tó ń lé ọmọdé padà, kọ́bọ̀ kan nínú owó náà kì í sì í dé ilé ìwòsàn.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú, nítorí náà, ni ìtọ́jú. Ìwádìí 2018 sọ pé ẹnì kan nínú márùn-ún tó ń lo oògùn ló ní ìṣòro àìlera látàrí rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wàhálà náà wọ̀ lára jù ló fẹ́ ìtọ́jú tí wọn kò rí i. Fún ará Yewa, Àrò ní Abẹ́òkúta ló ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn, ìrìn náà sì jìn fún ẹni tí kò ní owó ọkọ̀. Ilé ìtọ́jú ni àkọ́kọ́, yíyọ ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́rùn aràlò ni ìkejì, kí igbó tó ní ìwé àṣẹ, ọjọ́ orí àti owó orí bíi ti sìgá. Tírámádọ̀ọ̀lù àti kódéènì kò sí nínú ìyẹn: ọwọ́ oníṣègùn ni wọ́n yẹ sí, èbúté tí kọ̀ǹtéénà wọn ń gbà wọlé ló sì yẹ kí wọ́n máa ṣọ́, kì í ṣe àpò ọlọ́kadà. Gbogbo èyí nílò owó, àkókò àti àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ṣeé rà. Ìfòfindè kò nílò ju ìbuwọ́lùwé kan lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi tíì sí onífàyàwọ́ kan ní gbogbo ẹnubodè tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Abuja pé kí wọ́n fagi lé e.